Bisacodyl 10 mg tí wọ́n ń tì bọ ìdí: àgbéyẹ̀wò fún ẹni tó ṣèṣe lọ́pàá ẹ̀yìn

Máàkì 4 nínú 5 la fún un. Oògùn tó ń mú kí ìgbẹ́ jáde yìí dáa, ọwọ́ tó ń lò ó ló sábà máa ń bà á jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ìpalára bá wà lọ́rùn tàbí lókè àyà, àpòlúkù kì í tètè da oúnjẹ sínú ìfun, ìfun ńlá náà á sì máa wọ́ bí ìgbín. Bisacodyl tí a tì bọ ìdí kì í tún ti àpòlúkù ṣe. Ìpẹ̀kun ìfun ló ń ta jí. Inú tó ń wú lẹ́yìn iyán, oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ àti ìjókòó ṣánṣán ló lè bá a ṣe. Èkìtì ṣáà ni wá, a ò ní kẹ́ ẹ má jẹ iyán. Ẹ dín òkèlè kù.

Ẹ jẹun tàbí kẹ́ ẹ mu ẹ̀kọ gbígbóná ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 ṣáájú, torí oúnjẹ tó wọnú ló ń jí ìfun. Kí aláìsàn fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Olùtọ́jú á wọ ìbọ̀wọ́, á fi jẹ́lì sí ìka, á kó ìgbẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kúrò. Ibí gan-an ni wọ́n ti ń ṣì í ṣe: wọ́n á gún oògùn wọ àárín ìgbẹ́. Ara ògiri ìfun ló gbọ́dọ̀ fara kàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, owó ti wọgbó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ fi ìka yí po jẹ́jẹ́ nínú ihò ìdí fún ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, kẹ́ ẹ tún un ṣe.

Máàkì kan tí a yọ, ti ooru ni. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá bí òróró dídì ṣe máa ń rọ̀ nínú ooru oṣù Kẹta l'Adó, ó sì máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ ju èyí tí omi ń yọ́ lọ. Bí kò bá sí iná, ẹ dì í sínú láílọ́ọ̀nù, ẹ gbé e sórí iyẹ̀pẹ̀ tútù lẹ́bàá àmù. Bó bá ti rọ̀, ẹ ti òun àti ìbòrí rẹ̀ bọ omi tútù kẹ́ ẹ tó tú u.

Ẹni tí ìpalára rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, tí ìdí rẹ̀ dẹ̀ gbẹrẹfu, kò ní rí i lò dáadáa. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kó ìgbẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ìpalára rẹ̀ wà ní egungun ọ̀pá ẹ̀yìn kẹfà níbi àyà tàbí lókè rẹ̀, bí orí bá ń fọ́ ọ lójijì tí òógùn bo ojú rẹ̀, ẹ yọ ìka kíá, ẹ gbé e jókòó, ẹ tú aṣọ tó fún un. Bí kò bá rọlẹ̀, ilé ìwòsàn ni.

Ẹ má sì fi àgbo jẹ̀dí lé e. Orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni yóò ti ya ìgbẹ́.