Oògùn irorẹ́ líle ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): ohun tí ojú mi rí ní kílíníìkì àti ní fámasí

Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n tún san owó rírí dókítà lẹ́ẹ̀kejì, nítorí àṣìṣe tí àwọn fúnra wọn ṣe, ni mo pinnu pé màá kọ èyí nípa isotretinoin, oògùn irorẹ́ líle tí mo lò. Inú ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n irorẹ́ ti kúrò lójú mi, mo sì mọ̀ pé àwọn tí irorẹ́ ń dà láàmú ní Kétu àti Ìpóbẹ́ pọ̀, tí wọn ò rí ẹni bi léèrè.

Irorẹ́ tèmi kì í ṣe wẹ́wẹ́ tó máa ń yọ sí ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàlágà. Ó le koko lábẹ́ awọ, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ẹ̀yìn. Tó bá bẹ́, ọyún àti ẹ̀jẹ̀ ni. Tó bá jinná, ó fi ihò sílẹ̀. Irun ni mo ń ṣe ní Kétu, kò sì sí oníbàárà tí kò ní oògùn tó fẹ́ júwe. Nípa àwọn ìpara tí wọ́n ń tà ní ọjà Wàǹdó, gbólóhùn kan péré ni mo ní: èyí tí clobetasol, irú kọ́tísọ́ọ̀nù líle kan, bá wà nínú rẹ̀ máa ń mú kí ojú dán fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ á tún hu irorẹ́ síbẹ̀.

Doxycycline, oògùn apakòkòrò tí à ń gbé mì, àti ìpara benzoyl peroxide ni dókítà tí mo kọ́kọ́ rí kọ fún mi. Ìpara yẹn ṣiṣẹ́ díẹ̀, àmọ́ ó ń ba aṣọ jẹ́: ọrùn bùbá, ìrọ̀rí, ibi tó bá ti kàn ló ń ṣí. Nígbà tí oṣù mẹ́ta tí wọ́n máa ń fi dán doxycycline wò pé, tí àwọn líle abẹ́ awọ kò kúrò, ó ní kí n lọ rí dókítà awọ ara ní Àjàṣẹ́. Ni mo bá wọ takisí, ó di Ìpóbẹ́, ó di Sákété, ó di Àjàṣẹ́.

Dókítà tí mo bá níbẹ̀, obìnrin ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dòní. Ó fi ìka tẹ àwọn líle náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fajú ro. Ó gbé mi sórí ìwọ̀n, kílò 60. Ó mú bírò, ó ṣírò ọ̀rọ̀ náà níwájú mi: isotretinoin, ìdajì míligíráàmù fún kílò kan lójúmọ́, míligíráàmù 30 nìyẹn fún mi, kí àpapọ̀ rẹ̀ tó dé 120 fún kílò kan, ó di míligíráàmù 7200, nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Ó ní ìbátan fítámì A ni oògùn náà, ó máa ń mú kí àwọn àpò tó ń sun òróró lábẹ́ awọ súnkì. “Àbúrò mi, òun ló lágbára jù nínú ohun tí a ní. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá lóyún lórí rẹ̀, ó lè ba ọmọ inú jẹ́ gidi.” Nítorí náà, ìfètò-sọ́mọ-bíbí láti oṣù kan kí n tó bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù kan lẹ́yìn tí mo bá parí, àyẹ̀wò oyún lóṣooṣù, kí wọ́n máa fi ẹ̀jẹ̀ mi wo ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá, kí n má sì fún ẹnikẹ́ni lẹ́jẹ̀.

Ọjọ́ tí mo padà lọ gba ìwé oògùn, dókítà yìí kò sí níbẹ̀. Obìnrin tó ń gba orúkọ lẹ́nu ọ̀nà dìde láàárín èrò, ó pariwo: “Ẹni tó ṣe àyẹ̀wò oyún dà?” Gbogbo ojú yí sí mi. Ó gba èsì náà, ó tì í sínú fáìlì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń dele fún dókítà kò gbójú sókè wò mí. Ó wo fáìlì, ó kọ ìwé, ó ní ó dàbọ̀.

Mo gba fámasí lọ. Àgbà obìnrin ló wà níbẹ̀, Faransé ló kọ́kọ́ ń sọ sí mi. Ó ní òun ò ní tà á. Mo ní, “Ìyá, owó nìyí, ìwé dókítà nìyí, láti Kétu ni mo ti ń bọ̀. Kí ló tún kù?” Bó ṣe gbọ́ ohùn Kétu lẹ́nu mi, ó yí sí Yorùbá. “Àbúrò, jókòó. Èsì àyẹ̀wò oyún dà?” Mo ní ó wà ní kílíníìkì. Ó ní ní ilẹ̀ Faransé, àyẹ̀wò náà kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 3 lọ ṣáájú ìwé oògùn, ìwé oògùn fún obìnrin kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 7 lọ kó tó rà á. Bí òun náà ṣe ń tà á nìyẹn. Mo ti ń bínú dìde nígbà tó fi èékánná tẹ ìlà kejì lórí ìwé náà. “Ta ló ní kó o lo méjèèjì pọ̀?”

Doxycycline ni. Ọ̀gbẹ́ni yẹn dà á kọ láti inú fáìlì, ó sì fi isotretinoin lé e. Ìyá náà tú ìwé inú páálí oògùn, ó fi ibẹ̀ hàn mí: àwọn méjèèjì kì í pàdé nínú ara kan, nítorí wọ́n lè mú kí ìfúnpá ga nínú agbárí, kí orí máa fọ́, kí ojú máa ṣú. Ó tẹ kílíníìkì láago. Wọ́n ní kó dúró, wọ́n sì já a. Ó tún pè, kò sẹ́ni tó gbé e.

Mo gun zẹ́mìjàn (ọ̀kadà) padà sí kílíníìkì. Obìnrin ẹnu ọ̀nà ka ìwé náà, ó ní kí n lọ san owó tuntun kí wọ́n tó tún un kọ. Mo ní èmi kọ́ ni mo ṣì í kọ. Ó ní òfin ilé nìyẹn. Mo san án, nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú, ọ̀nà Kétu sì jìn. Ìyá onífámasí kò tíì kó wọlé nígbà tí mo gbé ìwé tuntun àti èsì àyẹ̀wò oyún dé. Ó fa ìlà pupa sára páálí doxycycline tó wà nínú báàgì mi, ó wá fún mi ní isotretinoin.

Oògùn náà fúnra rẹ̀ kò rọrùn. Irorẹ́ kọ́kọ́ gbèrú sí i. Ètè mi bó, imú mi ṣẹ̀jẹ̀, oòrùn ń ta mí lára. Oúnjẹ tó ní òróró ni wọ́n ní kí n máa fi lò ó kó lè wọ ara, mo sì ń fi àkàrà àárọ̀ lò ó. Nígbà tó yá, èyí tó kù lábẹ́ awọ yọ́ lọ, tuntun ò sì jáde mọ́. Àwọn ihò ṣì wà. Oògùn yìí kì í dí wọn. Ṣùgbọ́n mo ń ṣe irun fún ìyàwó tuntun ní ojú mọ́mọ́, mi ò sì dojú kọ ògiri.

Dókítà obìnrin yẹn bẹ̀ mí nígbà tó dé, ó fa ìlà pa orúkọ doxycycline nínú fáìlì. Lóṣooṣù, òun fúnra rẹ̀ ló ń ka èsì ẹ̀jẹ̀ mi fún mi.

Mo fún kílíníìkì náà ní 4 nínú 5. Owó tí mo san lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò tíì dá a padà.