Wọ́n kọ 20Ah sí i, 8Ah ni wọ́n tà: ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ oníbátìrì

Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó. Bátìrì kẹ̀kẹ́ tí mo rà, tí wọ́n kọ "48V 20Ah" sí lára gàdàgbà, 8Ah ló wà nínú rẹ̀ (Ah, áńpù-wákàtí, ló ń sọ bí inú bátìrì ṣe tóbi tó). Mẹ́jọ! Kì í ṣe méjìdínlógún, tí èèyàn á fi sọ pé bóyá ó ti pẹ́ nílẹ̀. Mẹ́jọ. Kẹ̀kẹ́ tuntun inú páálí ni o, ọ̀rá ṣì wà lára ìjókòó rẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á. Irú wọn máa ń pa orúkọ dà bí ẹni pààrọ̀ aṣọ, ẹni tó bá ń sá fún orúkọ kan á kó sọ́wọ́ wọn lábẹ́ òmíràn. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni kí ẹ mọ̀.

Ìṣirò ni wọ́n fi ń mú wa, torí wọ́n mọ̀ pé a ò ní ṣe é. Ẹ fi fóòtì (V) sọ áńpù-wákàtí (Ah) di púpọ̀, ẹ ó rí wáàtì-wákàtí (Wh), ìyẹn iye agbára tó wà nínú bátìrì. 48 lọ́nà 20 jẹ́ 960Wh. 48 lọ́nà 8 jẹ́ 384Wh. Kẹ̀kẹ́ tí ẹ ò wa ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá, tí ẹ kàn ń fi ọwọ́ fúnná, máa ń jẹ tó 15 sí 20Wh ní kìlómítà kan. Bí ẹ bá ń fi ẹsẹ̀ ràn án lọ́wọ́ dáadáa, ó lè wálẹ̀ sí 8 tàbí 10. Nítorí náà, 960Wh á gbé yín tó kìlómítà 48 sí 64 láìwa ẹsẹ̀. 384Wh ńkọ́? Nǹkan bí 20 sí 25, ó parí, ẹ ó máa ti irin wúwo lọ sílé. Ìpolówó wọn ní 80, "láìwa ẹsẹ̀ rárá". Ẹ wá wo irọ́ náà bó ṣe rí: kódà ká ní òótọ́ ni 20Ah, 80 kò lè jáde nínú rẹ̀. Sítíkà tiwọn fúnra wọn ló ń pè wọ́n ní òpùrọ́! Ìṣirò iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, mi ò sì ṣe é. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ṣájà ti ń sọ òótọ́ láti ọjọ́ kìíní. 2A, áńpù méjì, ni wọ́n kọ sí i lára, 2A náà ló sì ń tú jáde. Bátìrì 20Ah tó ti gbẹ, tí ẹ wá fi ṣájà 2A sí, kò lè kún kí wákàtí mẹ́wàá tó pé, ó sì máa ń lé díẹ̀ torí iná máa ń fà díẹ̀díẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó kún. Èyí tan iná aláwọ̀ ewé ní wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀. Èmi wá ń yọ̀ pé ó ń yára gba iná. Mo ń yọ̀! Bátìrì kì í yára ju ṣájà lọ. Bó bá tètè kún, inú rẹ̀ ló kéré. Ẹ jẹ́ kó gbẹ tán, ẹ kọ aago tí ẹ fi í sí iná sílẹ̀, ẹ kọ aago tó kún, ẹ fi áńpù ṣájà yín (2 ni tèmi) sọ wákàtí náà di púpọ̀, ẹ yọ díẹ̀ kúrò. Iye Ah yín nìyẹn. Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ ṣì lè dá ọjà padà, kì í ṣe oṣù kẹta bíi tèmi.

Nígbà tí oníṣẹ́ bátìrì tú u, sẹ́ẹ̀lì 52, ìyẹn bátìrì kéékèèké tí wọ́n so pọ̀, ló bá níbẹ̀. Bátìrì 48V ní láti ní ìdìpọ̀ 13 tó so tẹ̀léra, torí nǹkan bí fóòtì 3.6 tàbí 3.7 ni sẹ́ẹ̀lì kan ń mú wá ní ìpíndọ́gba. Ìyẹn ò ṣeé yẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, òun ni wọn ò ṣe purọ́ nípa fóòtì. Ohun tó ń sọ iye Ah ni iye sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni màgòmágó wà. Ìdìpọ̀ 13, mẹ́rin mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 52 nìyẹn. Irú tí wọ́n ń pè ní 18650 ni, fífẹ̀ rẹ̀ mìlímítà 18, gígùn rẹ̀ 65, 2Ah lẹ́yọ. Mẹ́rin lọ́nà méjì, mẹ́jọ. Èyí tó dára jù tí ilé iṣẹ́ gidi ń ṣe nínú 18650 wà ní nǹkan bí 3.5Ah. Bí ẹnikẹ́ni bá fi èyí tí wọ́n kọ 6000mAh tàbí 9900mAh (ìyẹn 6Ah tàbí 9.9Ah) sí hàn yín, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Láti fi 3.5Ah dé 20, mẹ́fà ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì 78. Àpótí náà gba 78. Wọ́n fi fóòmù dí ibi tó ṣófo! Ẹnì kan jókòó, ó wọn àyè, ó gé fóòmù, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé kí sẹ́ẹ̀lì má baà máa dún bí èèyàn bá mi àpótí, ó wá lẹ sítíkà 20Ah mọ́ ìta. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé àṣìṣe ni.

Kò tán síbẹ̀. Lórí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan, àpá wà níbi tí wọ́n ti jó irin pẹlẹbẹ mọ́ wọn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n já a kúrò, tí wọ́n tún jó òmíràn lé e. Àlòkù tí wọ́n fi ọ̀rá tuntun wé! Ìdìpọ̀ kan wà ní 3.1V nígbà tí àwọn yòókù wà ní 3.9V. Nínú bátìrì tó dára, ìyàtọ̀ láàárín ìdìpọ̀ kò yẹ kó ju nǹkan bí 0.05V lọ. Ìdìpọ̀ kan tó bá rẹ̀ ló ń pa gbogbo bátìrì, torí BMS, pátákó kékeré tó ń ṣọ́ wọn, á gé iná gbogbo rẹ̀ ní kété tí aláìlera yẹn bá ti gbẹ.

(Ẹ má tú tiyín fúnra yín o. Òrùka ọwọ́ tàbí sukudiráfà tó bá já sáàárín irin méjì níbẹ̀, iná ni, kò sí fíúsì tó máa gbà yín.)

Ohun tí ẹ lè fi mọ̀ láìtú u ni òṣùwọ̀n. Ẹ gbé bátìrì kúrò lára kẹ̀kẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n. 18650 kan wúwo tó gíráàmù 45 sí 48, nítorí náà 78 á ti tó kìlógíráàmù 3.5 kí a tó ka àpótí, wáyà àti BMS. Àwọn kan á yára sọ pé sẹ́ẹ̀lì ńlá 21700 làwọn lò, tí ẹyọ kan lè gba 5Ah. Òótọ́ ni pé 52 irú ìyẹn á pé 20Ah. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wúwo tó 70, ibì kan náà la tún padà sí. Agbára ní ìwúwo. Èyí tí wọ́n tà fún mi, tàpótí tàpótí, kìlógíráàmù 3 àti ìwọ̀nba díẹ̀ ni. Ẹ tún ṣọ́ra fún òdìkejì: àpótí tó wúwo tó kìlógíráàmù 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní lithium (irú bátìrì tó fúyẹ́ tí mò ń sọ bọ̀ yìí), bátìrì olójé 12V mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀.

Mítà tó ń wọn fóòtì náà wúlò, àmọ́ òun nìkan kò tó. 48V tó kún gbọ́dọ̀ wà ní 54.6V, 36V ní 42V, 52V ní 58.8V, iye kan náà ló gbọ́dọ̀ wà lára ṣájà. Ọ̀rọ̀ ni pé bátìrì ayédèrú náà á fi 54.6 hàn yín nígbà tó bá jókòó jẹ́ẹ́, torí fóòtì kì í sọ iye tó wà nínú rẹ̀. Òkè ni kí ẹ gùn. Ẹ fi ọwọ́ fúnná dé òpin, kí ẹ máa wo sikíríìnì. Bí ilà bátìrì bá já láti márùn-ún sí méjì, tó tún padà sí mẹ́rin nígbà tí ẹ tú ọwọ́, bátìrì náà kò lágbára. Oníṣòwò tó bá kọ̀ kí ẹ gun òkè, tó ní ibi tó tẹ́jú yẹn ti tó, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Wọ́n tún ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1000W. Ẹ tẹ̀ ba, ẹ wo kọntírólà, àpótí irin kékeré tí wáyà ń wọ̀, ẹ ka áńpù tó pọ̀ jù tí wọ́n kọ sí i. Tèmi, 15A. 48 lọ́nà 15, 720W ló lè fà láti inú bátìrì nígbà tó bá fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́, ooru sì máa jẹ nínú ìyẹn. Níbo ni 1000 ti wá? Kódà eré tó ń sá lójú sikíríìnì kì í ṣe òótọ́ nígbà mìíràn. Bí wọ́n bá kọ táyà ńlá sínú ètò rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé táyà kékeré ló ń yí, eré á ga, kìlómítà á gùn. Ẹ fi fóònù yín wò ó.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ: "O fẹ́ olówó pọ́ọ́kú ni." Rárá o! Iye tí àwọn yòókù ń tà á ni mo san. Ó dáa, ó fi díẹ̀ dín. Ṣé torí díẹ̀ yẹn ni kí wọ́n ta fóòmù fún mi? Mo bi wọ́n léèrè ìbéèrè, wọ́n sì dáhùn gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, "ọ̀gá mi" lọ́tùn-ún, "ọ̀gá mi" lósì. Ibi tí mo ti jẹ̀bi ni pé ẹnu wọn ni mo bi, mi ò bi òṣùwọ̀n. Kí ẹ má sì rò pé ilé ìtajà ńlá sàn ju ẹni tó ń tà lórí fóònù. Mi ò gbà wọ́n gbọ́ mọ́, gbogbo wọn. Púpọ̀ nínú wọn ò tilẹ̀ tú bátìrì wò rí. Ohun tí olùpèsè kọ ni wọ́n ń kà fún yín bí ẹyẹ ayékòótọ́.

Wáráńtì wá ni àwàdà. Ọdún kan ni wọ́n kọ. Nígbà tí mo pè, wọ́n ní kí n fi bátìrì ránṣẹ́ padà. Wọ́n mọ̀ dáadáa pé ọjà eléwu ni bátìrì lithium nínú ìrìnnà. Nínú ẹrù èrò ọkọ̀ òfúrufú, èyí tó bá ti kọjá 160Wh kò gbọdọ̀ wọlé, àwọn agbẹ́rù púpọ̀ ò sì ní gbà á láìsí ìwé UN 38.3, ìyẹn àyẹ̀wò ààbò bátìrì lithium nínú ìrìnnà. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó: bó bá bàjẹ́, ta ló máa wá gbé e, ta ló máa sanwó ọkọ̀? Kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì, pẹ̀lú iye Wh. Ẹ sì fi ohun tí ilé ìfowópamọ́ lè dá padà sanwó. Owó tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì wọn, ó di ìtàn.

Àmì CE ti Yúróòpù, èyí tó ń sọ pé ọjà bá òfin mu, tí wọ́n ń nà sí yín lójú, ẹni tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà ló ń fúnra rẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Nínú ìlànà ààbò UL ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, UL 2849 ni ti gbogbo iná kẹ̀kẹ́, UL 2271 ni ti bátìrì nìkan. Ẹ bi wọ́n léèrè èwo, torí àwọn kan á fi àmì UL ti ṣájà hàn yín, wọ́n á ní ó parí. Ní Yúróòpù, EN 15194 ni ìlànà kẹ̀kẹ́ oníbátìrì: 250W, ìrànlọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì á sì dá ní kìlómítà 25 ní wákàtí kan. 1000W tí wọ́n ń fi yangàn yẹn, bó bá jẹ́ òótọ́ pàápàá, kò bá ìlànà yẹn mu.

Èyí tó kù, wàrà wàrà. Ẹ gbé táyà ẹ́ńjìnnì sókè, ẹ fi ọwọ́ yí i: bó bá ń dún gààràgà, eyín inú rẹ̀ ti jẹ. Ẹ fún sípóòkù méjì méjì pọ̀, kí ẹ mọ èyí tó rọ̀. Nọ́ọ̀tì ìdí táyà gbọ́dọ̀ le, kó sì ní irin tó di ọ̀pá àárín mú. Láìsí i, ọ̀pá á yí, á já wáyà ẹ́ńjìnnì. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń gbọ̀n nígbà tó bá fẹ́ gbéra, ẹ yẹ wáyà sẹ́ńsọ̀ wò. Bí ẹ bá fa bíréèkì, iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gé lẹ́ẹ̀kan náà. Fún àlòkù, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà férémù lábẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ń yí: bí wọ́n bá ti fi fáìlì ha á, ó jọ pé olè ló jí i. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló yẹ kó bá bátìrì wá. Èyí tí áàpù fóònù nìkan ń ṣí, ẹ rántí pé VanMoof, ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ti ilẹ̀ Netherlands, wọko gbèsè ní oṣù Keje 2023, àwọn tó ra kẹ̀kẹ́ wọn sì ń sá kiri láti tọ́jú kọ́kọ́rọ́ inú fóònù wọn. Ẹ má fi bátìrì sí iná mọ́jú, ẹ má sì fi sí ẹnu ọ̀nà tí ẹ máa gbà sá jáde. Ṣájà 58.8V kò gbọdọ̀ kan bátìrì 48V láé.

Mo tún lọ wo ìpolówó náà lánàá. Ó ṣì wà níbẹ̀, fọ́tò kan náà, ìfọ́ kékeré kan náà létí àpótí bátìrì. Wọ́n ti sọ ọ́ di 25Ah.