Iṣẹ́ abẹ wọn dára, tẹlifóònù wọn ni kò dára: àgbéyẹ̀wò ìtọ́jú sísanra tí mo gbà ní Lọ́ńdọ̀nù

Ilé ìwòsàn tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láìpẹ́ yìí pé ṣé mo lè júwe wọn fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, àyè tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún èsì kò gbà ju gbólóhùn méjì lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú mi ju gbólóhùn méjì lọ. N kò ní dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n ìhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n wà, NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó san owó rẹ̀, bypass sì ni irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún mi: wọ́n gé òkè àpò oúnjẹ mi sọ́tọ̀ títí ó fi kù bí ẹyin adìẹ, wọ́n sì fa ìfun kékeré wá so mọ́ ọn, kí oúnjẹ lè fo ìyókù àpò náà àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá.

Ibi tí inú ti bí mi ni n óò ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni, nígbà tí wọ́n ti gbà mí láàyè láti kúrò lórí oúnjẹ lílọ̀ bọ́ sórí oúnjẹ rírọ̀. Ẹja tútù tí mo já sí wẹ́wẹ́ kò sọ̀kalẹ̀. Ó jókòó sí àárín àyà mi, itọ́ tó ń hó sì kún ẹnu mi títí mo fi bì í jáde. Ẹyin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ògì, lẹ́yìn náà omi lásán. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ẹ̀yìn ìwé ìtọ́ni wọn, akọ̀wé kan sì gbé e. Bí ó ti gbọ́ orúkọ mi ni ó bọ́ sí Yorùbá, tí ó dùn mọ́ mi nínú.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Nọ́ọ̀sì wà nísinmi, mà. Ẹ máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa rún un dáadáa. Ara ló ń kọ́ ọ, mà."

Mo ní omi ni mò ń sọ, báwo ni ènìyàn ṣe ń rún omi? Ó ní kí n má bínú, pé òun yóò kọ ọ́ sílẹ̀, pé mo sì ti ní ìpàdé pẹ̀lú dókítà lóṣù tó ń bọ̀. Nígbà tí mo tún pè, ó dá ohùn mi mọ̀, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, ó ní òun fi mí sínú àdúrà. Kò sí ìgbà kan tí ó bá mi sọ̀rọ̀ láìfi "mà" sí i, kò sì sí ìgbà kan tí ó gbé ọ̀rọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè ṣe nǹkan kan sí i. Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní nìyẹn: mi ò tilẹ̀ rí ìwà àfojúdi kan tí mo lè di mú. Bí ó bá kanra mọ́ mi ni, ó dájú pé n óò ti jà, wọn ì bá sì ti pe ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa, tí ó fi ẹ̀kọ́ ilé ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi lójú.

Ọkọ mi ni ó tú fáìlì tí a gbé kúrò ní wọ́ọ̀dù, tí ó rí nọ́ńbà mìíràn tí ẹnì kan fi bírò kọ sí etí ìwé oògùn. Nọ́ọ̀sì ará Filipínì kan ni ó gbé e. Kò kí mi. "Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Omi náà ń padà? Ìgbà wo lo tọ̀ gbẹ̀yìn? Àwọ̀ wo ni ìtọ̀ náà ní?" Mo ní ó dúdú bí tíì tí kò ní mílíìkì. "Ẹsẹ̀ rẹ kú tipiri? Ò ń rí nǹkan ní méjì-méjì?" Mo ní rárá. Ó ní kí n má jẹ, kí n má mu, kí n máa bọ̀ ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì nísinsìnyí, pé bí wọ́n bá ní kí n lọ jókòó, kí n sọ pé òun ni ó pè mí. Nígbà tí a dé, òun fúnra rẹ̀ ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin kúkúrú kan tí ó wọ bàtà rọ́bà aláwọ̀ ewé.

Ohun tí ó ṣe tẹ̀ lé e ni mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Dókítà ọ̀dọ́ kan ti gbé omi ṣúgà kọ́, ó fẹ́ fà á sí mi lára, nítorí ó rí i pé omi ti tán lára mi. Nọ́ọ̀sì náà na ọwọ́ dí i. Ó ní fítámínì B1 ní ó kọ́kọ́ ń wọlé, lẹ́yìn náà ni ṣúgà. Dókítà ní òun ń dúró de èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kò sí àyẹ̀wò tí òun ń dúró dè, pé ẹni tí ó ti ń bì lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí ti ná ìwọ̀nba B1 tí ara rẹ̀ ní, àti pé bí a bá da ṣúgà lé e lórí láìsí B1, ọpọlọ lè bàjẹ́ débi tí kò ní ṣe é tún ṣe mọ́. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Dókítà náà wò ó, ó wò mí, ó sì lọ mú B1 wá. N kò gbọ́ kí nọ́ọ̀sì náà sọ "pẹ̀lẹ́" fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò sì fẹ́ kí ó sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ oorun díẹ̀, wọ́n ti rọ́bà gígùn tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀ gba ẹnu mi wọlé, wọ́n sì rí i pé ojú ibi tí wọ́n ti so ìfun mọ́ àpò oúnjẹ ti fún mọ́ra bí egbò ṣe ń jinná. Wọ́n fẹ́ bàlúùnù kékeré kan níbẹ̀ láti là á. Ní ìrọ̀lẹ́ mo mu omi, omi náà sì lọ síbi tí ó yẹ kí ó lọ. Oníṣẹ́ abẹ sọ fún mi pé wọ́n mọ ìṣòro yìí dáadáa, pé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn bypass ni ó sábà máa ń yọjú, pé nítorí rẹ̀ ni nọ́ńbà ìpè fi wà. Ẹ gbọ́ ná: wọ́n mọ̀. Wọ́n sì fi ẹni tí kò mọ̀ sídìí nọ́ńbà náà.

Bí mo ti sọ èyí jáde tán, ó yẹ kí n sọ òdodo nípa oníṣẹ́ abẹ yìí, nítorí òun ni mo bá pinnu. Mo ní àtọ̀gbẹ, mo ń fi ẹ̀rọ mí lóru nítorí pé èémí mi ń dá dúró lójú oorun, BMI mi, ìwọ̀n sísanra tí wọ́n ń fi ìwúwo àti gíga ènìyàn ṣírò, sì jẹ́ 38. Lábẹ́ ìlànà ilẹ̀ yìí, 40 ni ẹnu ọ̀nà sí iṣẹ́ abẹ yìí, tàbí 35 fún ẹni tí ó ní àìsàn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ 2.5 kúrò fún àwa aláwọ̀ dúdú tó wá láti Áfíríkà, nítorí pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ máa ń tètè bá wa. Àtọ̀gbẹ ti mú mi wọlé láìsí èyí. Mo kàn ń kọ ọ́ nítorí ẹni tí dókítà àdúgbò rẹ̀ ti dá padà láìṣe ìṣirò náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n lọ sí Istanbul, pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan n óò ti lọ, n óò ti bọ̀. Mo bi í pé bí mo bá ń bì ní Peckham, ta ni n óò pè ní Túrkì? (Ẹ̀yin náà rí i bí ìbéèrè yẹn ṣe padà wá bá mi.) Abẹ́rẹ́ Wegovy tí ń pa ebi sì wà, ṣùgbọ́n ọdún 2 péré ni NHS máa ń fúnni, n kò sì fẹ́ ohun tí yóò parí kí ebi tó parí.

Oníṣẹ́ abẹ náà yí ìwé mi dojú dé, ó sì fi bírò ya ikùn mi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ya irú kejì náà, sleeve, níbi tí wọ́n ti ń gé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò oúnjẹ dànù tí ìyókù yóò rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ó béèrè bóyá àyà máa ń ta mí lóru. Mo ní gbogbo òru ni. Ó fa ìlà pa sleeve, ó ní ó lè mú kí àyà títa burú sí i. Nígbà tí mo bi í bóyá ara mi ni wọn yóò fi kọ́ iṣẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní láti 1966 ni Edward Mason ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Iowa ní Amẹ́ríkà. Ìwé tí ó ya àwòrán sí náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀, n kò rí ẹ̀sùn kankan fi kàn án: ojú ihò kéékèèké ni wọ́n gbà ṣe é, mo rìn lálẹ́ ọjọ́ náà, kí n sì tó kúrò ní wọ́ọ̀dù wọ́n ti dín oògùn àtọ̀gbẹ mi kù.

Ti onímọ̀ oúnjẹ ni mo tún fẹ́ sọ. Ẹni àkọ́kọ́ fún mi ní ìwé tí ó kún fún ọ̀dùnkún lílọ̀ àti wàrà tí a ń pè ní yoghurt, ó sì sọ pé kí n gbàgbé "oúnjẹ ilẹ̀ yín" títí ayé. Ẹnì kejì jẹ́ ọmọbìnrin kan láti Wales tí ó bi mí léèrè ohun tí a ń jẹ nílé, tí ó sì ń kọ ọ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé gbẹ̀gìrì fún un, ẹ̀wà tí a bó tí a sè títí ó fi yọ́, ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní purotéènì ni, ó ti lọ̀ kúnná fúnra rẹ̀, kí ni mo tún ń wá? Epo nìkan ni ó ní kí n dín kù. Mọ́ínmọ́ín tẹ̀ lé e nígbà tí ó di oúnjẹ rírọ̀. Ọ̀rọ̀ iyán ni ó há. Ìlànà wọn ni pé kí a rún gbogbo nǹkan títí yóò fi di omi lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ sì rèé, a kì í rún òkèlè, gbígbé ni a ń gbé e mì, òkèlè tí a gbé mì lódindi sì lè dí ojú ihò tí wọ́n ti là. Ó ní bí mo bá máa jẹ ẹ́ rárá, kó má ju èékánná àtàǹpàkò lọ, kí n sì rún un. Mo ti dán an wò. Èmi tí wọ́n bí ní Iléṣà, mo ń rún iyán lẹ́nu, ọkọ mi sì yí ojú sí ibòmíràn.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan, ẹnì kan fi ọtí mọ́ọ̀tì tútù lé mi lọ́wọ́, mo sì mu ún débi ìlàjì. Kò pẹ́ tí òógùn fi bò mí, àyà mi ń lù kìkì, ìdí mi kò gba ìjókòó. Nínú mọ́tò ni mo sùn sí títí ó fi lọ. Ṣúgà tí àpò oúnjẹ kò dá dúró mọ́ ni ó já sí ìfun lẹ́ẹ̀kan náà tí ó fa omi inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra. Wọ́n ti kìlọ̀ rẹ̀ fún mi, wọ́n sì kìlọ̀ pé irun yóò máa já láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, ó sì já. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ ni ẹnu àwọn ènìyàn wa. Níbi tí mo sanra dé kò sí ẹni tó bi mí bóyá ara mi le. Nísinsìnyí tí mo ń gun àtẹ̀gùn láìdúró, àwọn ìyá ìjọ ń fà mí sí kọ̀rọ̀ pé mo ti rù, ṣé kò sí nǹkan tó ń dà mí láàmú? Ó yẹ kí ilé ìwòsàn fi èyí náà sínú ìwé wọn.

Abẹ́rẹ́ B12 ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta títí ayé, irin àti kálísíọ̀mù lójoojúmọ́, kò sí oògùn ìrora ibuprofen mọ́ nítorí ọgbẹ́ inú. Àwọn wọ̀nyí kò ni mí lára.

Mo fún wọn ní 9 nínú 10. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ka èyí kí n tó gbé e síta ní orí mi kò pé, pé ẹni tí wọ́n fẹ́ fi "ẹ pẹ̀lẹ́, mà" pa ni ó ń fúnni ní 9. Máàkì yẹn, ti oníṣẹ́ abẹ ni, ti nọ́ọ̀sì oníbàtà aláwọ̀ ewé ni, ti ọmọ Wales ni. Ẹyọ kan tí mo yọ jẹ́ ti ọbẹ̀ tòmátò tí wọ́n gbé wá fún mi ní wọ́ọ̀dù, tí ó tutù, tí ó sì dùn bí súwíìtì. Ọmọ orí tẹlifóònù, n kò fi í sínú ìṣirò rárá. Bí wọ́n bá pe orúkọ yín níbẹ̀, ẹ má kúrò ní wọ́ọ̀dù láìgba nọ́ńbà tó wọ ọ́fíìsì nọ́ọ̀sì tààrà, kí ẹ sì fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé náà ní ọ̀kan.