Tọ́ọ̀ṣì àbí EEG: èwo ló lè sọ pé aláìsàn yóò jí?

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, bí ọkàn ẹnìkan bá dáwọ́ dúró, tí wọ́n dá a padà, ṣùgbọ́n tí kò lajú, ohun kan náà ni ẹbí ń bi dókítà: "Ṣé bàbá wa á jí?"

Àyẹ̀wò ọwọ́ ló wọ́pọ̀. Dókítà á tan tọ́ọ̀ṣì bóyá ọmọlójú á sún kì, á pè é, á fún un léèkánná mọ́lẹ̀ bóyá apá á mira. Fún ojú tó là, ohùn tó fọ̀ àti apá tó mira, òṣùwọ̀n Glasgow ti 1974, tó ń sọ bí ènìyàn ṣe wà lójúfò tó, ló fi ń ka máàkì, láti 3 dé 15. Kò gba iná mànàmáná. (Ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ mọ bí ìyẹn ti tó.) Àmọ́ ohun tó hàn síta nìkan ló ń rí.

EEG, àyẹ̀wò tó ń gba ìgbì iná inú ọpọlọ sílẹ̀, ń wo inú. Hans Berger, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ gba ìgbì ọpọlọ ènìyàn sílẹ̀ ní 1924. Wọ́n á lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ awọ orí. Bí ìlà tí ẹ̀rọ náà ń yà bá ń lọ láìdáwọ́dúró láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, ìrètí wà. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ le, àfi bó bá jẹ́ oògùn oorun ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Èmi á yan EEG bó bá wà, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí wákàtí 72 tó pé, n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé ó ti parí.