Kíka ọmọ kìnìún òkun: ká fẹsẹ̀ rìn ni, tàbí ká fi drone yà wọ́n?

Tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá kìnìún òkun (sea lion, ẹran òkun tó máa ń gun orí ilẹ̀ wá bímọ) ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dínkù, ọmọ ni à ń kà, kì í ṣe àgbà. Àgbà lè ti wá ẹja lọ sójú agbami; ọmọ tuntun ṣì wà lórí ilẹ̀, kò tíì lè lúwẹ̀ẹ́ dáadáa.

Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn á rí èyí tó sá sábẹ́ àpáta, á sì rí òkú ọmọ. Kí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má sọ iye fún ara wọn kí wọ́n tó parí. Ewu ibẹ̀ pọ̀ o: bí àgbà bá ta gìrì, wọ́n á tẹ ọmọ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sá lọ sómi.

Drone, ìyẹn ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, tó ń ya fọ́tò látòkè, kì í sábà dà wọ́n láàmú tó bá fò ga tó, ẹlòmíràn sì lè tún fọ́tò náà kà lọ́dún mẹ́wàá sí i. Àmọ́ ọmọ dúdú lórí òkúta tí omi rin ṣòro láti dá mọ̀, ìkúukùu àti afẹ́fẹ́ líle sì ń dá iṣẹ́ dúró.

Drone ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn pa ọ̀nà àtijọ́ tì lójijì. Ẹ lo méjèèjì pọ̀ fún ọdún mélòó kan, lọ́sẹ̀ kan náà, nígbà tí ìbímọ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ ọ̀nà ìkà yẹn lẹ máa pè ní ìyípadà iye ẹran.

Ọdún kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí. Ní California, iye ọmọ já wálẹ̀ nígbà El Niño (ìgbà tí omi Òkun Pàsífíìkì máa ń móoru ju bó ṣe yẹ lọ) ti 1983 àti 1998, ó sì tún gbéra.