Ìkìlọ̀: Àlòkù bátìrì ni wọ́n kó sínú àpótí tuntun tà fún mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń tu owó jọ láti fi iná sólà sínú ilé yín, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n lù mí ní jìbìtì, ojú mi sì là kedere nígbà tí wọ́n ń lù mí. Inú ń bí mi gan-an bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí, nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ mi bá ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ fara dà á fún mi.

Ohun tí ọkùnrin tó tà á fún mi kọ sínú ìwé nìyí: bátìrì lithium, fóltì 51.2, 200 Ah, "tuntun nínú páálí". Páńẹ́lì mẹ́fà, wáàtì 550 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ínfátà 5 kVA. Gáráńtì ọdún 10 lórí bátìrì, ọdún 25 lórí páńẹ́lì. Ẹ bá mi ṣírò bátìrì yẹn. 51.2 lọ́nà 200, ó lé ní 10 kWh, ìyẹn bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó. Bátìrì tó bá tóbi tó báyẹn máa ń wúwo tó nǹkan bí 90 kílò. Ẹ mọ bí tèmi ṣe wọlé? Ọmọkùnrin kan ṣoṣo, tí kò lẹ́ran lára, ló gbé e lé èjìká gun àtẹ̀gùn, ó tún ń fi ọwọ́ kejì tẹ fóònù. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wò ó. Mo ní "o kú iṣẹ́ o". Mo tiẹ̀ fún un lómi tútù mu!

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò fura. Ta ló ń gbé bátìrì sórí ìwọ̀n? Ẹ sọ òótọ́. Ṣé bí ẹ bá ra fìríìjì, ẹ máa ń gbé e wò kí ẹ tó sanwó? Iṣẹ́ ẹni tó tà á fún mi ni, òun ló yẹ kó mọ̀ ọ́n, òun ló sì mọ̀ ọ́n, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọ̀gá tó tà á fún mi wá mú mítà jáde, ó fi wáyà rẹ̀ méjèèjì kan bátìrì, ó ní: "Mọ́mì, ẹ wá fi ojú ara yín rí i. Fóltì 53. Ó kún dẹ́múdẹ́mú." Òótọ́ ni, 53 ni mo rí. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú mi, bí ẹ bá sì máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ má gbàgbé èyí: fóltì kì í sọ bí iná tó wà nínú bátìrì ṣe pọ̀ tó. Bátìrì LiFePO4 (irú lithium kan) bíi ti èmi yìí, cell mẹ́rìndínlógún, ìyẹn àwọn bátìrì inú rẹ̀, ni wọ́n so pọ̀, fóltì 3.2 lọ́kọ̀ọ̀kan. Cell kékeré àti cell ńlá, tuntun àti èyí tó ti gbó sínú ọkọ̀ oníná, fóltì kan náà ni wọ́n máa gbé síta bí wọ́n bá ti kún. Bí ẹ sì ṣe ń lò ó, fóltì yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ títí iná inú rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lójijì ló máa já. Ọkùnrin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó fi mítà hàn mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, torí gílóòbù àti fóònù nìkan la ń fi sí i. Ìgbà tí fìríìjì wọ̀ ọ́ ni wàhálà dé. Ilẹ̀ á ṣú, ojú ínfátà á kọ 100. Ká tó jẹun alẹ́ tán, á ṣì máa pè é ní 90 àti díẹ̀, ká tó wí ká tó fọ̀, òkùnkùn ti bo gbogbo ilé, ínfátà á máa ké. Mo pè é. "Nǹkan tí ẹ ń lò ti pọ̀ jù, Mọ́mì." Fìríìjì kan, fáànù méjì! Mo yọ fìríìjì. Mo wá ń rìn káàkiri inú ilé ara mi, mo ń pa gílóòbù mọ́ àwọn ọmọ mi lójú. Mo tún pè é, ó ní òjò ló ń rọ̀, oòrùn ò tó. Oòrùn wá mú ganrínganrín, ó ní àwọn ọmọ ló fọwọ́ kan nǹkan. Àwọn ọmọ wo? Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé ìpè mi mọ́. Bàbá àwọn ọmọ mi ò bá mi jà o. Ìbá sàn kó bá mi jà. Ó kàn wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó to àbẹ́là sórí tábìlì, kò sọ̀rọ̀.

Oníṣẹ́ mìíràn ló bá mi tú àpótí náà. Àwọn cell kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, fóòmù funfun ni wọ́n fi dí èyí tó kù. Lórí cell kọ̀ọ̀kan, ibi tó yẹ kí àmì onígun mẹ́rin tí fóònù ń kà wà, wọ́n ti fi nǹkan ha á kúrò, ojú ibẹ̀ rí jákujàku. Gọ́ọ̀mù téèpù àtijọ́ ṣì wà lára wọn. Àwọn mélòó kan ti wú. Oníṣẹ́ náà fi nǹkan tó ń jẹ wáàtì 1000 dán an wò: ohun tó yẹ kó gbé e fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án, kò gbé e tó wákàtí méjì.

Ó gun òrùlé. Lẹ́bẹ́ẹ̀lì 550 tó wà lẹ́yìn páńẹ́lì, orí lẹ́bẹ́ẹ̀lì mìíràn ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó fi èékánná ká igun rẹ̀ sókè, 270 ló wà lábẹ́. Téèpù ìwọ̀n lásán ì bá ti gbà mí: tèmi ò ju mítà 1.65 sí mítà kan lọ, ojúlówó 550 sì máa ń gùn tó mítà 2.2, ó máa ń fẹ̀ ju mítà kan lọ. Gáráńtì ọdún 25! Ẹni tí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ò pé ọdún kan kó tó kú.

Mi ò gba oníṣòwò kankan gbọ́ mọ́. Ẹni tó bá mi tú u gan-an, kó tó dé ìdérí padà ló ti ń sọ pé òun ní bátìrì tó dáa tí òun lè bá mi gbé wá. Mo wojú rẹ̀ títí.

Ẹ má san owó tán kí ẹ tó fi nǹkan tí ẹ mọ wáàtì rẹ̀ dán bátìrì wò, kí ẹ sì ṣọ́ aago. Ẹ wọn páńẹ́lì. Ẹ fi nọ́ńbà ara bátìrì ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ má bi ẹni tó ń tà á. Bírékà tó máa wà láàárín páńẹ́lì àti ínfátà, kó jẹ́ ti DC, irú iná tó ń ti ara páńẹ́lì wá. Ti AC, irú iná NEPA, ni wọ́n fi sí tèmi, ìyẹn sì lè dáná sunlé, torí iná DC kì í tètè já bí ẹ bá pa á.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé owó pọ́ọ́kú ló tàn mí. Kò pọ́ọ́kú. Iye tí àwọn yòókù ń pè é lòun náà pè é.

Orúkọ ẹni tó lù mí ní jìbìtì yìí ò wúlò fún yín, torí ó ti yí i padà. Lánàá ni mo tún rí i níbi tó ti ń polówó, ó ní "iṣẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí", òrùlé ilé mi ló sì fi síbẹ̀. Páànù pupa ni, páńẹ́lì mẹ́fà, èyí tó wà lápá ọ̀tún pátápátá wọ́ díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán yẹn hàn yín, ẹ má fún un ní owó yín.