Severance apá kejì: wọ́n fi wá sílẹ̀ pẹ́, àmọ́ wọn ò padà wá lọ́wọ́ òfo

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ o, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú apá kejì síríìsì tẹlifíṣọ̀n Severance yìí ni mo fẹ́ tú síta níbí, títí dórí ìparí, torí náà ẹni tí ò bá tíì wò ó kó yáa lọ wò ó ná. Ẹni tó bá dúró, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi fà á.

Ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2022 ni apá kìíní parí, ìkà gbáà sì ni ibi tí wọ́n gé e sí. Mark, olórí ìtàn náà, tí gbogbo èèyàn rò pé ìyàwó ẹ̀ ti kú, di fọ́tò mú, ó ń pariwo pé ìyàwó òun wà láàyè, fìrí báyìí, ó tán. Irving tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń gbá ilẹ̀kùn Burt, ọkùnrin tó fẹ́ràn, bíi kó fọ́, ó tán. Àtìgbà yẹn la ti wà lẹ́nu ọ̀nà bíi tiẹ̀. Wọ́n ní ìyanṣẹ́lódì àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn òṣèré Hollywood ní 2023 wà lára ohun tó fà á, a gbọ́, a gbà, ìyanṣẹ́lódì yẹn ò kúkú burú, àmọ́ ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án kì í ṣe eré! Kó tó di ọjọ́ 17 oṣù kìíní 2025 tí wọ́n gbé e padà sórí Apple TV+, mo ti wo apá kìíní débi pé mo lè máa bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí, ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Lumon, wọ́n á ki ẹ̀rọ bíńtín bọ inú ọpọlọ èèyàn, tó bá ti wọ lífítì lọ síbi iṣẹ́ báyìí gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ilé á pa rẹ́, ẹlòmíì ló máa jáde sínú ófíìsì, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́ tó padà wọ lífítì, tilé á jí padà, kò ní mọ ẹyọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ tó ṣe. Ara kan, ẹni méjì. Ti ìta ń gbowó oṣù, ti inú ò rí oòrùn rí, kò mọ orúkọ ìyá ẹ̀, bó ṣe ń ṣíwọ́ ló tún ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Dan Erickson ló ro ó, Ben Stiller, bẹ́ẹ̀ ni, Ben Stiller tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín yẹn náà, ló darí èyí tó pọ̀ jù.

Bí wọ́n ṣe ṣí i, orí mi wú. Mark já sínú kọ́rídọ̀ funfun yẹn ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, kámẹ́rà ń yí i po, kò sí ọ̀rọ̀, kò sí àlàyé, ó kàn ń wá Ms. Casey, orúkọ tí Gemma ń jẹ́ nínú Lumon, tó ti mọ̀ báyìí pé ìyàwó Mark ti ìta ni. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, wọ́n ò tíì gbàgbé bá a ṣe ń ṣe é. Milchick, ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, wá sọ fún un pé oṣù márùn-ún ti kọjá, irọ́ funfun báláú, ó tún kó àwọn òṣìṣẹ́ tuntun wá bíi pé èèyàn lè fi ẹlòmíì rọ́pò ọ̀rẹ́ ẹni. Wọ́n tún ṣe fídíò kan bíi ti àwọn ọmọdé láti fi bẹ̀ wọ́n, tí ilé Lumon fúnra ẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ohùn Keanu Reeves ni wọ́n fi sí i. Mo rẹ́rìn-ín, inú tún bí mi, torí irú àforíjì tí àwọn ọ̀gá máa ń tọrọ nìyẹn, wọ́n á gbé nǹkan ìṣeré síwájú ẹ, ohun tó o béèrè wọn ò ní dáhùn.

Helly, obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wá dé, wọ́n bi í pé kí ló rí níta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ọgbà lóru. Lóru kẹ̀! Irving ti gbọ́ òórùn irọ́ yẹn lójú ẹsẹ̀, àwa tá a ń wò náà sì ti ń fura pé Helena, ọmọ ẹni tó nilé-iṣẹ́, ló wọ inú wọn tó ń pe ara ẹ̀ ní Helly. Ohun tí Britt Lower ṣe níbẹ̀ le gan-an o. Ojú kan náà, aṣọ kan náà, àmọ́ ẹ wo bó ṣe ń rìn, ẹ wo bó ṣe ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Mo padà lọ wo àwọn ẹ́písóòdù yẹn lẹ́yìn tá a ti mọ òótọ́, gbogbo ẹ̀ ló wà ńlẹ̀ kedere, kò fi nǹkan kan pa mọ́, àwa la ò wò ó dáadáa.

Ẹ́písóòdù kẹrin ni ọ̀rọ̀ náà bú. Wọ́n kó wọn lọ sínú yìnyín, inú igbó, wọ́n ní ìgbafẹ́ ni. Irving ti Helena lórí bọ omi, ó ń pariwo mọ́ Milchick pé kó dá Helly padà, àfi kó dá a padà. Ọkùnrin yẹn mọ̀ pé wọ́n máa lé òun lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n bá sì ti lé ẹni inú, ikú nìyẹn, síbẹ̀ ó ṣe é. John Turturro, kí Ọlọ́run bá mi kí i.

Àmọ́ ẹni tó gba apá kejì yìí mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́ ni Tramell Tillman, ìyẹn Seth Milchick. Wọ́n fi jẹ máníjà, ó rò pé òun ti débẹ̀. Àwọn ọ̀gá gbé ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i, àwòrán Kier Eagan, òyìnbó tó dá Lumon sílẹ̀, tí wọ́n wá kùn ní dúdú kí Milchick lè rí ara ẹ̀ nínú ẹ̀. Natalie, agbẹnusọ àwọn ọ̀gá náà, tí òun náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ló gbé e wá, ó ní wọ́n ti fún òun náà nírú ẹ̀ rí. Ẹ wo ẹ̀rín obìnrin yẹn, eyín ń rẹ́rìn-ín, ojú ò rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó dárúkọ àwọ̀ níbẹ̀ o, kò sẹ́ni tó sọ pé ẹnì kan rí ẹnì kan fín, àmọ́ gbogbo ẹni tí wọ́n ti fún ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tó ń wò. Ó kó àwọn àwòrán náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í pa.

Ìgbà tó wá kan àyẹ̀wò iṣẹ́ ẹ̀, kí ni wọ́n kà sí i lọ́rùn? Wọ́n ní gírámà ẹ̀ ti pọ̀ jù. Wọ́n ní àwọn kílíìpù tó fi ń so pépà, ó ń kọ ẹ̀yìn wọn síwájú. Ẹni tó gbé gbogbo ilé yẹn lórí! Ó wá jókòó, ó ń so pépà, ó ń tú u, ó ń tún un so. Ó dúró níwájú dígí, ó ń gé ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ kúrú, ó gé e, ó tún gé e, títí ó fi ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń sọ sí ara ẹ̀ lójú lemọ́lemọ́. Kò sí ìbọn, kò sí ìjà, ẹ̀rù sì bà mí ju gbogbo ibi tí wọ́n ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lọ. Nígbà tó wá dé ẹ́písóòdù kẹsàn-án tí Drummond, ọ̀gá ẹ̀ kan, tún fẹ́ fi ojú ẹ̀ gbolẹ̀, gírámà tí wọ́n ní kó jáwọ́ nínú ẹ̀ náà ló fi sọ fún un pé kó lọ jẹ ìgbẹ́, mo fò dìde lórí ìjókòó. Nígbà tí àmì-ẹ̀yẹ tẹlifíṣọ̀n Emmy ti 2025 dé, òun ni wọ́n fún ní ti òṣèrékùnrin amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú dírámà, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa gba ìyẹn, Britt Lower náà sì gba ti aṣáájú òṣèrébìnrin. Ní tèmi, wọn ò ṣe ojúsàájú rárá.

Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló dùn. Ẹ́písóòdù keje, ti Gemma, Jessica Lee Gagné tó máa ń bójú tó kámẹ́rà wọn ló darí ẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa darí nǹkan nìyẹn, ó sì rẹwà débi pé ó ń dunni. A rí bí Mark àti Gemma ṣe pàdé, bí wọ́n ṣe ń wá ọmọ tí ọmọ ò dúró, a tún rí i nísàlẹ̀ Lumon, tí wọ́n ń mú un wọ yàrá kan bọ́ sí òmíì, ní yàrá kọ̀ọ̀kan ẹlòmíì ni, ọ̀kan ò mọ̀ ju kí wọ́n máa yọ eyín òun lọ, òmíì ò mọ̀ ju kó máa kọ káàdì ìdúpẹ́ títí ọwọ́ á fi ro ó. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e: ẹ́písóòdù kẹjọ, Cobel, ọ̀gá wọn tẹ́lẹ̀, nìkan, ìlú tútù kan létí òkun, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì, kò sí Mark, kò sí Helly, kò sí ófíìsì. Bí onílù tó dá ìlù dúró nígbà tí ijó ń wọra, tó ní òun fẹ́ tún ọsán òun fà le. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ la ti mọ̀ pé Cobel gan-an ló ṣe ẹ̀rọ inú ọpọlọ yẹn látìgbà tó wà ní ọmọ iléèwé, tí Jame Eagan, bàbá Helena, wá gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, Patricia Arquette ò sì já wa kulẹ̀. Àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ìyẹn sọ. Àwa tí wọ́n ń fún ní ẹyọ kan lọ́sẹ̀, odindi ọ̀sẹ̀ méjì la fi wà lójú kan náà.

Kí ló tún ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ pípa Mark méjèèjì pọ̀, ti inú àti ti ìta, kí wọ́n di ẹnì kan? Ní ìparí ẹ́písóòdù kẹta Reghabi, dókítà tó ti kúrò ní Lumon, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ara wa ti gbóná, a ní nǹkan ti bẹ́. Ó wúkọ́, ó dákú, ó rí òjìji méjì mẹ́ta, wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi pé wọn ò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ rí. Miss Huang náà nìyẹn, ọmọdé tí wọ́n fi ṣe igbákejì máníjà, tí gbogbo wa ń béèrè pé ta ni, wọ́n kàn dì í lẹ́rù wọ́n ní ó dàbọ̀. Ó dùn mí o. Mo mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ nínú síríìsì yìí, àmọ́ ẹ yé ṣí ilẹ̀kùn tẹ́ ò ní wọlé.

Ti Dylan, tí òun àti Mark jọ ń ṣiṣẹ́, lohun tí mi ò retí. Wọ́n jẹ́ kí Gretchen, ìyàwó ẹni ìta, wá máa bẹ ẹni inú wò, ó sì bá ọkọ ẹ̀ tí ayé ò tíì rẹ̀ sílẹ̀ pàdé níbẹ̀, ọkùnrin tó ń wò ó bíi pé òun lobìnrin àkọ́kọ́ tó wáyé. Òun gan-an kúkú ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ìyẹn mọ̀ lóde! Ṣé àgbèrè nìyẹn àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ọkọ ẹ̀ ń jowú ara ẹ̀. Mo ti bá àwọn ọ̀rẹ́ mi jiyàn lórí ẹ̀, a ò tíì fẹnu kò síbì kan.

Ó wá ku ẹ́písóòdù kẹwàá, wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Níbẹ̀ la ti gbọ́ pé àwọn nọ́ńbà tí Mark ń tò lórí kọ̀ǹpútà látìbẹ̀rẹ̀, inú Gemma ni, fáìlì kan, Gemma tuntun kan. Ẹ tiẹ̀ rí àwọn ewúrẹ́ yẹn, tí wọ́n ti ń dààmú wa láti 2022? Wọ́n fẹ́ pa ọ̀kan kó lè sin ẹ̀mí Gemma lọ ni. Wọ́n dáhùn ìyẹn ṣá.

Àmọ́ ohun tó mú mi mọ́lẹ̀ ni Mark méjèèjì tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ti ìta á gbohùn sílẹ̀, ti inú á gbọ́, á fèsì. Ti ìta ń bẹ̀bẹ̀, ó ń ṣèlérí pé wọ́n jọ máa wà láàyè, ó wá dárúkọ Helly, kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n pè. Ìyẹn nìkan ti tó. Ẹni tó ń bẹ ẹ́ pé kó o fi ẹ̀mí ẹ lélẹ̀ nítorí ìfẹ́ òun, orúkọ ẹni tí ìwọ fẹ́ràn ò yé e. Ọdún méjì ló fi rán ẹ níṣẹ́ kí òun má bàa rántí ọ̀fọ̀, kò béèrè rí bóyá ara ẹ le.

Torí náà nígbà tó gbé Gemma dé ẹnu ọ̀nà, tí Gemma jáde, tó ń gbá ilẹ̀kùn, tó ń pe ọkọ ẹ̀, tí Mark sì wo ẹ̀yìn tó rí Helly, tó yí padà, tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú tí wọ́n ń sá lọ nínú iná pupa yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ń bínú, wọ́n ní ìkà ni, wọ́n ní obìnrin yẹn ti jìyà tó. Ó ti jìyà tó, òótọ́ ni, ẹkún Dichen Lachman lẹ́yìn dígí yẹn ò ṣeé wò. Síbẹ̀ ẹ̀yìn Mark ti inú ni mo wà. Gemma kì í ṣe ìyàwó ẹ̀. Ó gbà á sílẹ̀, ó ti ṣe oore tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè, tó bá wá kọjá ilẹ̀kùn yẹn, ó kú nìyẹn, ta ló fẹ́ kó kú? Àwa tá a fẹ́ kí tọkọtaya padà wà pọ̀ ni. Láti apá kìíní la ti ń bá àwọn ti inú kígbe pé èèyàn ni wọ́n, ọ̀kan wá hùwà bí èèyàn, a ní kò dáa.

Ọjọ́ tí ẹ́písóòdù kẹwàá yẹn jáde gan-an, 21 oṣù kẹta 2025, ni wọ́n kéde pé apá kẹta ń bọ̀. Inú mi dùn, àmọ́ mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Ẹ má tún fi wá sílẹ̀ pẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ sì dá Irving padà, torí inú ọkọ̀ ojú irin lẹ fi í sí, òun àti ajá ẹ̀, Burt ò sì tíì sọ gbogbo ohun tó mọ̀ fún un.